Etí Lábẹ́ Íápíìsì: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Kí A Fi Dáàbò Bo Ìgbọ́ràn

Láti ọdún 1979 tí Sony ti gbé Walkman jáde ni ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀: báwo ni èèyàn ṣe lè máa fi íápíìsì gbọ́ orin, ìwàásù tàbí ìròyìn, kí etí rẹ̀ má sì bàjẹ́? Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, téèpù á parí, bátìrì á kú, etí á rí ààyè sinmi. Orin inú fóònù òde òní kì í tán. Lọ́dún 2022, ìwádìí kan tó kó àbájáde oríṣiríṣi ìwádìí jọ ṣírò pé àwọn ọ̀dọ́ tí ewu etí dídi ń bẹ níwájú wọn, nítorí íápíìsì àti nítorí ibi ijó, tó mílíọ̀nù 670 ó kéré tán, ó sì lè tó bílíọ̀nù 1.35. Nọ́ńbà kejì fi ìlọ́po méjì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti orí kíka àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún aráàlú pọ̀, òmíràn sì tako òmíràn. Àwọn kan ní kí a máa ka wákàtí, àwọn kan ní kí a pààrọ̀ irú íápíìsì tí à ń lò, àwọn kan fẹ́ kí òfin fi ìjánu sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Àwọn mìíràn sì ń béèrè bóyá ewu náà tó bí wọ́n ṣe ń kéde rẹ̀. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, íápíìsì ni mo ń pe gbogbo ohun tí a ń fi sétí gbọ́ ohùn, àfi ibi tí mo bá ti ya èyí tí ń bo gbogbo etí sọ́tọ̀.

Ohun tí kò sí ìjà lórí rẹ̀

Nínú etí lọ́hùn-ún, ihò kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tí ojú lásán kò lè rí ló tò sínú rẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí 3,500 nínú wọn ló ń gba ìró, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àwọn 12,000 tó kù ń ran wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń gbé ìró tó rọra sókè kó lè hàn sí wa. Bí ìró bá le jù, tàbí tó bá pẹ́ jù, á rẹ àwọn irun wọ̀nyí, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á sì kú níkẹyìn. Bí irun etí adìẹ bá kú, a máa hù padà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti rí i. Ti èèyàn kì í hù mọ́ láé.

Gbogbo onímọ̀ ló tún mọ ibi tí ìbàjẹ́ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: apá tó ń gbọ́ ìró tínrín, láàárín 3,000 sí 6,000 hẹ́ẹ̀tìsì, pàápàá jù lọ ní nǹkan bíi 4,000. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún ẹni tó ń sọ Yorùbá. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ wa ń gun orí ìró tó nípọn, níbi tí ìbàjẹ́ kì í tètè dé. Kọ́ńsónáǹtì bíi s, ṣ àti f ló ń gbé lókè níbi tí ewu wà. Nítorí náà, ẹni tí irun etí rẹ̀ ti ń kú lè mọ̀ dájú pé ohùn òkè ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, kó má mọ̀ bóyá sá ni, ṣá ni, tàbí fá. Á máa ní, mò ń gbọ́ ohùn yín, n kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Nítorí pé ohùn ṣì ń wọlé, ó lè pẹ́ púpọ̀ kó tó fura pé etí òun ni. Á rò pé àwọn ọmọ òde òní ló ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Òṣùwọ̀n náà kò mú ìjà wá. Dẹ̀síbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn agbára ìró, ṣùgbọ́n kò rí bíi kílò tí à ń fi wọn ẹran. Bí 3 bá lé sí i, agbára ìró náà ti di ìlọ́po méjì. Bí 10 bá lé sí i, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni etí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nígbà tí 3 bá lé. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, á rò pé díẹ̀ ni òun fi kún un.

Àwọn oníṣirò

Ẹgbẹ́ tí ohùn wọn ròkè jù ní kí a máa ka ìró bí ẹni tó ń ka owó tó ń ná. Bí ìró bá ṣe le tó ni àkókò yóò ṣe kúrú tó. NIOSH, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 1998 pé 85 dẹ̀síbẹ́lì fún wákàtí 8 lójúmọ́ ni òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti pé bí 3 bá ti lé, kí wákàtí wá sí ìdajì. Ní 88, wákàtí 4 ló kù. Ní 94, wákàtí kan. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ITU, àjọ àgbáyé fún ètò ìbánisọ̀rọ̀, mú ìṣirò yìí wá sórí fóònù nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n pè ní H.870, tó jáde lọ́dún 2018: 80 dẹ̀síbẹ́lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, 75 fún iye wákàtí kan náà fún ọmọdé. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin ní 90 ti ná gbogbo ti ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tán láàárín wákàtí 4. Ẹni tó bá gbé e dé 100 kò ní ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lọ, fún odidi ọ̀sẹ̀.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé ó fún wa ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè bá wa kà. Ó sì gbà pé èèyàn lè gbádùn orin tó ròkè, bí ó bá ti lè sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń ṣe ìṣirò yìí báyìí, tí wọ́n ń kìlọ̀ bí ti ọ̀sẹ̀ bá ti pé.

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣirò gan-an kò fẹnu kò. OSHA, tó ń fi òfin de iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kan náà, gba 90 láàyè fún wákàtí 8, kò sì dín wákàtí kù sí ìdajì àfi bí 5 bá lé. Èyí túmọ̀ sí pé ní 100 dẹ̀síbẹ́lì, ìṣẹ́jú 15 ni ọ̀kan fàyè gbà, wákàtí 2 ni èkejì. Lọ́nà kejì, 85 tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ààlà kò dáàbò bo gbogbo ènìyàn. NIOSH fúnra rẹ̀ ṣírò pé bí 100 òṣìṣẹ́ bá lo 40 ọdún nínú rẹ̀, etí àwọn 8 ni yóò bàjẹ́ nítorí ariwo yẹn, yàtọ̀ sí ohun tí ọjọ́ ogbó bá fà. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ti sọ lọ́dún 1974 pé tí a bá fẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí yóò pa lára, 70 ni kí a dúró sí bí a bá fi wákàtí 24 ṣírò rẹ̀. Ààlà 85 jẹ́ àdéhùn láàárín ìlera àti owó iléeṣẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi orin gbádùn ara rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ọ̀gá kankan tó ń san owó oṣù fún etí rẹ̀.

Àìlera kẹta ló kan ọjà wa jù. Fóònù kò ní etí. Kò lè mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu íápíìsì. Bí íápíìsì náà bá jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù ti wọ̀n, nọ́ńbà tó ń fi hàn sún mọ́ òótọ́. Bí ó bá jẹ́ olókùn tí wọ́n ń tà nínú gosiló, tí kò lórúkọ, ìfojúdíwọ̀n lásán ni.

Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta ìṣẹ́jú

Nítorí pé ìṣirò le, àwọn kan gé e kúrú: má gbé ohùn kọjá ìdá 60 nínú 100, má sì gbọ́ ju 60 ìṣẹ́jú lọ kí o tó sinmi. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè há a sórí, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo tóbi: ìdá 60 nínú 100 kì í ṣe dẹ̀síbẹ́lì. Nígbà tí Brian Fligor àti Clarke Cox wọn àwọn ẹ̀rọ CD alágbèéká lọ́dún 2004, ohun tó jáde níbi tí ohùn ti pin láti 91 títí dé 121 dẹ̀síbẹ́lì, ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, íápíìsì sí íápíìsì. Ìdá 60 ti ẹnìkan lè jẹ́ ìsinmi, kí ti ẹlòmíràn jẹ́ ewu. Síbẹ̀, fún ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n mìíràn, mo gbà pé ó sàn ju àìní rárá lọ.

Àwọn tó ní ariwo ìta ni kí a kọ́kọ́ bá wí

Èrò yìí ni mo rò pé ó yẹ ká fún ní àyè tó pọ̀ jù, nítorí ìlú tí a wà. Àwọn tó dì í mú ní èèyàn kì í ṣàdédé gbé ohùn íápíìsì sókè. Nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbọ́ orin níwọ̀n tí kò léwu. Gbé wọn sínú ọkọ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e sókè títí orin yóò fi borí ariwo náà. Ìwádìí lórí èyí kò ṣọ̀wọ́n, àbájáde rẹ̀ sì jọra: bí ariwo ìta bá ti ń lọ sókè ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ẹ́ńjìnnì dáńfó, ìpè àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ àti sípíkà tó kọjú sí títì ló ń pinnu ohun tó ń wọ etí ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Èkó, ju ìfẹ́ tó ní sí orin lọ.

Oògùn tí àwọn wọ̀nyí kọ ni pé kí a ti ariwo mọ́ ìta kí a tó tan orin. Ọ̀nà kan ni íápíìsì tó dí ihò etí dáadáa, tàbí èyí tó bo gbogbo etí. Ọ̀nà kejì ni èyí tó ń pa ariwo: gbohùngbohùn kékeré ara rẹ̀ ń gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ náà á sì dá ìró mìíràn sílẹ̀ tó ń lọ nígbà tí ti ìta ń bọ̀, kí àwọn méjèèjì pa ara wọn. Èrò náà ti pẹ́. Paul Lueg, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, Amar Bose sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí yóò ṣe bá íápíìsì mu lẹ́yìn ìrìn àjò òfuurufú kan lọ́dún 1978. Ìró tó nípọn, tí ń lọ gbuu láìdábọ̀, ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n pa jù. Ìyẹn ni pé ó bá jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mu gan-an. Kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa ohùn èèyàn àti fèrè ọkọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìró kejì tí ẹ̀rọ náà ń dá sílẹ̀ ń fi kún ohun tó ń wọ etí. Rárá o, ó ń dín in kù ni. Àléébù gidi wà níbòmíràn. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yìí pa ariwo ìta lójú títì lè má gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí sì lè pa á kí etí rẹ̀ tó ní àyè láti bàjẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ẹni tó rà á kò bá sì rẹ orin sílẹ̀ lẹ́yìn tí ariwo ti lọ, owó rẹ̀ ṣòfò.

Àwọn tó ń ta íápíìsì tó ń gba ara egungun ń wọ ojú ọ̀nà yìí bákan náà. Wọ́n ní nígbà tí kò bá ti wọ ihò etí, kò lè pa etí lára. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Egungun orí ń gbé ìró náà lọ sọ́dọ̀ irun kan náà nínú ìkarahun kan náà. Ohun tó ṣe é ní iyì ni pé ihò etí ṣí sílẹ̀, tí ẹni tó ń sáré lójú títì fi lè gbọ́ ọkọ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ariwo ọjà á wọlé wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ á sì tún lọ síbi bọ́tìnnì.

Àwọn tó fẹ́ kí òfin fi ìjánu sí i

Ilẹ̀ Faransé ló ṣíwájú níbí: òfin ọdún 1996 ní ẹ̀rọ orin alágbèéká kò gbọ́dọ̀ kọjá 100 dẹ̀síbẹ́lì. Lọ́dún 2009, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tuntun, láti 2013 sì ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ti ń dúró ní 85, tí wọ́n á kìlọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn kọjá lọ sí 100. H.870 ní tirẹ̀ kò ní ipá òfin. Iléeṣẹ́ tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀bùn tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé ó ń gba ẹni tí kò mọ̀ sílẹ̀, àgàgà ọmọdé tí kò lè ka ìkìlọ̀ kankan. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ìkìlọ̀ tí bọ́tìnnì kan lè lé lọ kì í pẹ́ di ohun tí ojú kì í rí mọ́. Fóònù àlòkù tó wọ ilẹ̀ wa láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kò sì gbé ìjánu kan náà wá. Ó dùn mí jù pé wọ́n ń ta íápíìsì ọmọdé tí wọ́n kọ 85 sí lára bí ẹ̀rí ààbò. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fún wákàtí 8 ni wọ́n ṣírò 85 fún, wọn kò sì rò ó mọ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Òbí tó rí nọ́ńbà yẹn lára páálí á fi ọkàn balẹ̀, á jẹ́ kí ọmọ fi í sétí láti ìdájí di alẹ́.

Àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe alátakò ìlera. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, bí íápíìsì bá ń di etí bí wọ́n ṣe ń sọ, níbo ni àwọn adití wà? Lọ́dún 2010, ìwádìí kan láti inú àkójọ ètò àyẹ̀wò ìlera Amẹ́ríkà dá ìpayà sílẹ̀: nínú àwọn ọmọ ọdún 12 sí 19, àwọn tí ìgbọ́ràn wọn ti dín kù gòkè láti 14.9 nínú 100 ní 1988 sí 1994, ó di 19.5 ní 2005 sí 2006. Àwọn mìíràn tún àkójọ kan náà yẹ̀ wò nígbà tí ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e jáde, wọ́n rí i pé iye náà ti padà sí 15.2 ní 2009 sí 2010. Àwọn ọdún tí íápíìsì ń gbilẹ̀ jù lọ nìyẹn. Ní Rotterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ìwádìí ọdún 2018 lórí àwọn ọmọ ọdún 9 sí 11 tó lé ní 3,000 rí i pé ó ṣeé ṣe jù kí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ orin alágbèéká ní àbùkù níbi ìró tínrín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wọ̀n wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé íápíìsì ló fà á.

Iyèméjì yìí wúlò, ó ń jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Àìlera rẹ̀ ni pé irun etí kì í kú lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 12 lè má mọ̀ títí yóò fi pé 40. Amẹ́ríkà àti Netherlands ni wọ́n sì ti kó àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí jọ, níbi tí iná kì í lọ tí ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn tó ní ìpalára náà fara pamọ́

Lọ́dún 2009, ní Boston, Sharon Kujawa àti Charles Liberman fi eku sínú ìró 100 dẹ̀síbẹ́lì fún wákàtí 2. Etí àwọn eku náà kọ́kọ́ di, lẹ́yìn náà ó padà bọ̀ sípò nínú gbogbo àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, irun wà lódindi, oríta tí irun àti iṣan ìgbọ́ràn ti ń pàdé ló ti já, ní apá ibì kan ó tó ìdajì. Bí eku bá jọ èèyàn nínú èyí, àyẹ̀wò etí tí a ń ṣe ní ọsibítù, tí wọ́n á ní ká na ọwọ́ bí a bá ti gbọ́ fíìn, lè máa pe etí tó ti fara gbọgbẹ́ ní etí tó yá. Onítọ̀hún á gbọ́ fíìn nínú yàrá, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú àríyá.

Èrò yìí yí ìtumọ̀ ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ padà. Etí tó ń hó lẹ́yìn ijó, tó sì dákẹ́ ní òwúrọ̀, a ti máa ń sọ pé ó ti sàn. Àwọn wọ̀nyí ní ó lè má sàn. Ibi tí èrò náà kò ti lágbára ni ẹ̀rí láti ara èèyàn. Ìwádìí kan ní Boston lọ́dún 2016 rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ariwo ti kàn púpọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ orin pọ̀ nínú wọn, kò mọ ọ̀rọ̀ yà sọ́tọ̀ nínú ariwo bí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ní Manchester lọ́dún 2017, wọ́n yẹ 126 ọ̀dọ́ wò, wọn kò sì rí àmì rẹ̀. Kò tíì sí àyẹ̀wò tó lè rí oríta náà nínú etí ẹni tó wà láàyè.

Àwọn tó ń wá oògùn

Díẹ̀ ni mo ní láti sọ lórí èyí. Lọ́dún 2017, wọ́n dán oògùn kan tó ń jẹ́ ebselen wò lára àwọn ọ̀dọ́ 83 ní Florida, tí wọ́n fi íápíìsì gbọ́ ìró tó le lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó, ó sì dín dídi tó máa ń wá fún ìgbà díẹ̀ kù. Kò tíì sí oògùn tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún ìpalára ariwo. Ẹni tó bá ń ta àgúnmu tàbí kápúsù fún etí lónìí ń ta ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú

Ìṣirò àwọn oníṣirò ka orin àti ariwo ẹ̀rọ sí ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni orin a máa lọ sókè a máa wá sílẹ̀, tí ariwo ẹ̀rọ ń lọ gbọọrọ. Bóyá àwọn ìsinmi kékeré inú orin ń dáàbò bo irun etí, wọn kò tíì pinnu. Fún ọmọdé, 75 jẹ́ ìṣọ́ra tí àwọn onímọ̀ fi ọgbọ́n yàn. Ìwádìí tó tọpa etí ọmọdé fún ogún ọdún ni yóò sọ bóyá ó tó. Etí ẹnìkan sì lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ nínú ariwo kan náà, ẹ̀jẹ̀ ìdílé wà nínú rẹ̀, kò sì sí àyẹ̀wò tó lè sọ ti ta ni kò lágbára kó tó bàjẹ́.

Ìbéèrè tuntun kan jáde ní Bìrìtìkó lọ́dún 2025: ṣé ọmọ tó bá ń fi íápíìsì tó ń pa ariwo ìta sétí ní gbogbo ìgbà lè dàgbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń yọ ọ̀rọ̀ jáde nínú ariwo? Kò sí ìwádìí tó tíì fi í múlẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti àròpọ̀. Ohun tí fóònù ń kà sí ti íápíìsì kò ní ariwo ìta nínú. Ọmọ tó bá fi wákàtí méjì gbọ́ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ti gbọ́ méjèèjì, etí rẹ̀ sì ti ro wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí fóònù náà bá fi ìṣirò ọ̀sẹ̀ hàn án, wákàtí méjì orin ló máa wà níbẹ̀.